Ẹyọ Ńlá Kan àbí Kéékèèké Mẹ́jọ? Ìtàn Wúfà Tó Wà Lẹ́yìn Gìtá Béèsì

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn sípíkà kì í yé bi ara wọn: ṣé wúfà ńlá kan ló dáa jù ni, àbí kéékèèké mélòó kan tí wọ́n tò sójú àpótí kan? Ẹnì kan á ní ńlá ló ń mi ilẹ̀. Ẹlòmíì á ní kékeré ló yára, pé ńlá máa ń wọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán yó. Wọ́n á jà á títí, kálukú á sì padà sílé pẹ̀lú ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwa rò pé ìtàn lè bá wọn parí ìjà náà. Tí a bá sì fẹ́ tẹ̀ lé ìtàn yẹn láìṣìnà, ohun èlò orin kan ṣoṣo ló yẹ ká tẹ̀ lé: gìtá béèsì. Kò sí ohun tó gbára lé wúfà tó o, torí láìsí wúfà, odi ni. Láàárín ọdún 1951 sí 1974, ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, àwọn tó ń ṣe áńpù fún un ti dán gbogbo ìdáhùn wò: ẹyọ kan, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí dé mẹ́rìndínlógójì. Ohun tí a rí nínú ìtàn wọn ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni jókòó kó ní "ńlá ló dáa" tàbí "kékeré ló dáa". Ohun tó ń jóná, tó ń ya, tàbí tó ń wúwo jù lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn ló ń bá wọn yàn án.

Béèsì tí kò lóhùn

Kí ọdún 1951 tó dé, béèsì tí ọ̀pọ̀ olórin Amẹ́ríkà ń ta ni ti onígi ńlá, èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n máa ń nà ró tì ara wọn. Ikùn rẹ̀ ni sípíkà rẹ̀. Nígbà tí gìtá oníná wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tí ìlù náà sì ń dún kíkankíkan, béèsì onígi kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń ta á á máa ṣe làálàá, ọwọ́ rẹ̀ á bó, àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Leo Fender, tó ti ń tún rédíò ṣe ní Fullerton, California, kó tó di oníṣẹ́ gìtá, mú Precision Bass jáde ní 1951. Igi pẹlẹbẹ ni, kò ní ikùn. Ẹ lè gbé e kọ́ ọrùn kí ẹ máa jó. Ṣùgbọ́n torí pé kò ní ikùn, kò lóhùn tirẹ̀. Tí ẹ bá ta á láìso ó mọ́ iná, ẹni tó jókòó tì yín nìkan ló máa gbọ́. Gbogbo ohun tí èrò máa gbọ́ gbọ́dọ̀ ti ẹnu wúfà jáde.

Nítorí náà Fender ní láti ṣe wúfà àti áńpù tó máa gbé ọmọ rẹ̀ tuntun. Ní 1952 ó gbé Bassman jáde, ohun tí àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí máa pè ní kọ́ńbò: áńpù àti sípíkà nínú àpótí kan náà. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wáàtì 26 lọ. Wúfà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, Jensen oní-ínǹṣì 15.

Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni. Àwọn ilé sinimá ti ń lo wúfà oní-ínǹṣì 15 fún ohùn ìsàlẹ̀ láti àwọn ọdún 1930. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ohùn ńlá fẹ́ ẹnu ńlá. Ibi tó ti wá bàjẹ́ la fẹ́ wò.

Iṣẹ́ tí à ń rán wúfà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú wúfà palẹ̀. Pépà kan wà níwájú tó rí bí abọ́. Wáyà tí wọ́n wé rogodo, ìyẹn kọ́ìlì, lẹ̀ mọ́ ìdí pépà náà. Òòfà yí kọ́ìlì ká. Tí iná láti inú áńpù bá gba inú kọ́ìlì kọjá, òòfà á máa tì í síwájú, á máa fà á sẹ́yìn, pépà náà á sì máa ti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń dé etí wa gẹ́gẹ́ bí ìró.

Okùn tó nípọn jù lórí gìtá béèsì olókùn mẹ́rin máa ń mì ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wúfà tó bá fẹ́ sọ ohun tí okùn yẹn sọ gbọ́dọ̀ lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 41 náà. Bó jẹ́ oní-ínǹṣì 15 tàbí oní-ínǹṣì 5, ìgbà 41 ni. Ibí ni ọ̀rọ̀ "kékeré ló yára" ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Lórí ohùn kan náà, gbogbo wọn jọ ń sá eré kan náà ni. Pépà ńlá wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí òòfà àti kọ́ìlì rẹ̀ bá lágbára tó ìwọ̀n rẹ̀, kò ní fà sẹ́yìn. Ẹṣin ńlá ò ní torí pé ó tóbi kó máa rìn bí ìjàpá.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí kálukú ṣe máa rìn jìnnà tó kó tó ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó. Iye afẹ́fẹ́ tí wúfà ń tì ni fífẹ̀ ojú pépà rẹ̀ ní ìsọdipúpọ̀ ọ̀nà tó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í sì í ṣe ẹran rírọ̀: tí ẹ bá fẹ́ kí ohùn kan dún bákan náà nígbà tí iye ìgbà tó ń mì bá já sí ìdajì, afẹ́fẹ́ tí ẹ máa tì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìlọ́po méjì kò tó.

Ìṣòro kejì ni ooru. Nínú iná tó ń wọ ọ̀pọ̀ wúfà, èyí tó ń di ìró kò tó ìdá 5 nínú 100. Ìyókù ń gbóná mọ́ kọ́ìlì lára. Nígbà ayé Fender, orí pépà ni wọ́n sábà máa ń wé kọ́ìlì sí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi agbára tó pọ̀ jù sí i fún wákàtí mẹ́ta nínú ilé ijó, gọ́ọ̀mù á yọ́, kọ́ìlì á tú, wúfà á sì dákẹ́ láàárín orin.

Bassman àkọ́kọ́ kó sínú ìṣòro méjèèjì. Ẹni tó ń ta béèsì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun, ó yí áńpù sókè. Pépà kan ṣoṣo ló ń rìn gbogbo ìrìn àjò, kọ́ìlì kan ṣoṣo ló sì ń gba gbogbo ooru.

Mẹ́rin gba iṣẹ́ ẹyọ kan

Nígbà tí ọdún 1954 fi ń parí lọ, Fender yọ oní-ínǹṣì 15 náà, ó fi Jensen oní-ínǹṣì 10 mẹ́rin rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Láti fi ojú sípíkà méjì wéra, ẹ sọ ínǹṣì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀n ojú pépà gangan, ṣùgbọ́n ó tó fi ṣe àfiwé. Ínǹṣì 15 ní ọ̀nà 15 jẹ́ 225. Ínǹṣì 10 ní ọ̀nà 10 jẹ́ 100, mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 400. Àwọn kéékèèké mẹ́rin yẹn ní ojú tó fẹ̀ tó ẹyọ ńlá kan àti ààbọ̀, ó tún lé díẹ̀. Oní-ínǹṣì 18 pàápàá kò ju 324 lọ, kò bá wọn. Ooru náà sì pín sára kọ́ìlì mẹ́rin. Ohun tó ń jó ẹnì kan, mẹ́rin ti jọ ń gbé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àpótí Bassman ṣí sílẹ̀. Nígbà tí pépà bá ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fa ti ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì á pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́, pàápàá ní ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà, Bassman tuntun ń pariwo dáadáa, kò sì tètè jóná, àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn onígìtá gangan, tí kò nílò ìsàlẹ̀ tó jinlẹ̀, gbà á mọ́ àwọn oníbéèsì lọ́wọ́. Títí di òní, wọ́n ka Bassman tí wọ́n ṣe ní 1959 mọ́ àwọn áńpù gìtá tó dáa jù láyé. Ohun tí wọ́n ṣe fún béèsì di ti gìtá.

Ó tún kọjá òkun. Ní Hanwell, ní ìwọ̀ oòrùn London, Jim Marshall ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìlù àti gìtá. Ní 1962, Ken Bran àti Dudley Craven tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi Bassman ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n sì kọ́ áńpù tí wọ́n pè ní JTM45. Sípíkà Celestion oní-ínǹṣì 12 ni wọ́n fi sí i. Wọ́n kọ́kọ́ lo méjì, ó jóná. Wọ́n wá fi mẹ́rin sínú àpótí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa. Ìdí nìyẹn tí àpótí alátùpà dúdú tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn àwọn olórin rọ́ọ̀kì fi ní sípíkà mẹ́rin: méjì kò lè gbé iná yẹn.

Ní 1965, Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who ní òun fẹ́ mẹ́jọ nínú àpótí kan. Wọ́n ṣe é fún un. Àwọn ọmọ tó ń gbé ẹrù wọn ló kọ̀, ẹ̀yìn wọn ti fẹ́ kán. Wọ́n wá pín in sí àpótí méjì onímẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n gbé ọ̀kan gun orí èkejì. Ohun tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí àmì rọ́ọ̀kì, ẹ̀yìn àwọn agbẹ́rù ló bí i.

Ẹyọ kan tó mọ ibi tí òun ń lọ

Kẹ́nikẹ́ni má wá rò pé ẹyọ ńlá kan ti kú nígbà yẹn. Ní 1960, ilé iṣẹ́ Ampeg gbé B-15 jáde. Everett Hull tó dá Ampeg sílẹ̀ máa ń ta béèsì onígi, kò sì fẹ́ràn ariwo tó ń ya rárá. Jess Oliver ló yàwòrán B-15 náà: wúfà oní-ínǹṣì 15 kan, nínú àpótí tí wọ́n fara balẹ̀ kọ́, pẹ̀lú áńpù oní-wáàtì 25 tí ẹ lè yí kọjú sísàlẹ̀ kó wọnú àpótí lọ, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wáàtì 25 yẹn kò tó ti Bassman àkọ́kọ́ pàápàá. Síbẹ̀ B-15 di ààyò àwọn stúdíò. James Jamerson, tí béèsì rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ orin Motown tó ti Detroit jáde, lò ó. Nínú yàrá kékeré tí gbohùngbohùn wà nítòsí, kò sẹ́ni tó ń bá béèsì du ariwo. Kọ́ìlì kò gbóná, pépà kò ní láti rìn jìnnà. Ẹyọ kan tó iṣẹ́ náà, ohùn rẹ̀ sì ń jáde kúnná láti ojú kan ṣoṣo. Oní-ínǹṣì 15 kan náà tó jóná lọ́wọ́ Fender ló di ọba níbí. Ibi iṣẹ́ ló yí padà.

Nígbà tí èrò pọ̀ ju ohùn lọ

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1965, àwọn Beatles ṣeré ní Shea Stadium ní New York níwájú èrò tó tó 55,600. Áńpù Vox oní-wáàtì 100 ni wọ́n kó lọ, àwọn sípíkà tí wọ́n fi ń kéde bọ́ọ̀lù nínú pápá sì ni wọ́n fi gbé ohùn orin. Igbe àwọn ọmọdébìnrin bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìtàgé kò gbọ́ ara wọn. Ẹ rántí pé nígbà náà, wọn kì í gba béèsì sínú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń pín in fún gbogbo pápá bíi tòní. Áńpù tó wà lẹ́yìn olórin ló ní láti bá gbogbo èrò sọ̀rọ̀. Tí kò bá tó, ẹni tó ń ta béèsì wá wòran lásán ni.

Ìdáhùn méjì ló jáde láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn, wọ́n sì kọjú síra bí òru àti ọ̀sán.

Àkọ́kọ́ ni Acoustic 360, tí wọ́n ṣe ní Los Angeles ní ìparí àwọn ọdún 1960: wáàtì 200, pẹ̀lú ẹyọ wúfà kan ṣoṣo, oní-ínǹṣì 18. Wọn kò fi wúfà náà sójú àpótí lásán. Wọ́n fi í sínú ìwo kan tí wọ́n ká síra nínú àpótí, kí ohùn máa yí gba inú rẹ̀ kó tó jáde. Ìwo máa ń ran wúfà lọ́wọ́ bí ọwọ́ tí ènìyàn fi bo ẹnu nígbà tó bá ń pe ará òdìkejì odò: ooru díẹ̀, ìró púpọ̀. John Paul Jones ti Led Zeppelin lò ó, Jaco Pastorius náà sì lò ó lẹ́yìn náà. Èrò tó wà lọ́nà jíjìn ń gbọ́ béèsì dáadáa. Àmọ́ àwọn oníbéèsì máa ń ráhùn pé àwọn tí àwọn dúró níwájú rẹ̀ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn ń ta.

Ìkejì ni Ampeg SVT, tó jáde ní 1969. Bill Hughes àti Roger Cox ló ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀. Áńpù rẹ̀ jẹ́ wáàtì 300, tube mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, ó sì wúwo ju kìlò 36 lọ. Wúfà rẹ̀ jẹ́ oní-ínǹṣì 10 mẹ́jọ, nínú àpótí gíga tó dí pa. Nínú àpótí náà, wọ́n pín ààyè sí mẹ́rin, wúfà méjì-méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ìṣirò wa àtẹ̀yìnwá, mẹ́jọ yẹn jẹ́ 800 sí 324 ti ẹyọ oní-ínǹṣì 18. Síbẹ̀ àpótí kan kò tó gba wáàtì 300 láìfòyà nígbà yẹn, torí náà méjì ni wọ́n ń so mọ́ áńpù kan: wúfà mẹ́rìndínlógún. Àwọn Rolling Stones lo àwọn àkọ́ṣe rẹ̀ nígbà ìrìn àjò wọn káàkiri Amẹ́ríkà ní 1969. Àpótí náà ga débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní fìríìjì.

Ohun tí kálukú pàdánù

Ìdí tí oníbéèsì fi fẹ́ràn fìríìjì ju ìwo lọ kò ṣòro. Àpótí náà ga, wúfà tó wà lókè sún mọ́ etí ẹni tó dúró. Pépà kékeré sì tún máa ń fọ́n àwọn ohùn àárín káàkiri ju pépà ńlá lọ. Bí ohùn bá ṣe ń ga sí i ni pépà ńlá ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà níwájú gan-an nìkan ló ń rí i. Ìró ìka lórí okùn, èyí tó ń jẹ́ ká mọ̀ ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀, wà nínú àwọn ohùn àárín yẹn. A rò pé ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní "yára" nìyí. Wúfà kékeré kò sáré ju ńlá lọ ní ìsàlẹ̀. Ó ń jẹ́ kí apá òkè ohùn béèsì dé etí wọn ni.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé fìríìjì kì í lọ sísàlẹ̀ púpọ̀. Àpótí olójú mẹ́jọ tí Ampeg ń tà láyé òde òní, ibi Hertz 58 ni agbára rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já. Okùn tó nípọn jù sì wà ní 41. Àpótí béèsì tó lókìkí jù láyé kì í fi gbogbo ẹnu sọ ohùn tó kéré jù lórí béèsì! Ọpọlọ wa ló ń parí rẹ̀. Tí etí bá gbọ́ 82 àti 123 tí wọ́n ń tẹ̀ lé 41, ọpọlọ á fi 41 náà kún un fúnra rẹ̀.

Títo wúfà pọ̀ tún ní ìdíyelé mìíràn. Ìró ń rìn nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ohùn tó ń mì ní ìgbà 41 gùn ju mítà mẹ́jọ lọ. Tí wúfà mẹ́jọ bá wà nínú àpótí tí kò ga tó mítà méjì, lójú ìgbì yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Wọ́n á jọ tì í, wọ́n á sì ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń mì ní ìgbà 3,000 kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Ti wúfà òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò ní dé etí yín lẹ́ẹ̀kan náà. Níbòmíì wọ́n á kún ara wọn, níbòmíì wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ẹ sún ẹsẹ̀ kan sápá ọ̀tún, ohùn á yí padà. Nítorí náà, ìwà àwọn wúfà púpọ̀ dáa ní ìsàlẹ̀, ó sì ń bàjẹ́ bí a ṣe ń gòkè.

Ẹgbẹ́ Grateful Dead ló gbé ọ̀nà púpọ̀ dé òpin rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1974, ní Cow Palace nítòsí San Francisco, wọ́n gbé ohun tí wọ́n pè ní Wall of Sound dìde, ògiri tí Owsley Stanley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́. Sípíkà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 600. Béèsì Phil Lesh nìkan ní wúfà oní-ínǹṣì 15 mẹ́rìndínlógójì, tí wọ́n tò gíga sí òpó méjì, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn tirẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: púpọ̀ ni, ńlá sì ni. Àwọn tó gbọ́ ọ ní ó mọ́ bí omi àfúnpọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń to ti ìlú kan ni wọ́n ti ń to òmíràn sílẹ̀ ní ìlú tó kàn, owó ọkọ̀ àti owó òṣìṣẹ́ sì ń jẹ wọ́n lára. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa á tì. Kò sí wúfà tó jóná lọ́tẹ̀ yìí. Àpò ló jóná.

Ìgbà tí ìṣirò dé

Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo àwọn tí a ti dárúkọ, àdánwò ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn. Wọ́n á kọ́ àpótí, wọ́n á tẹ́tí sí i, wọ́n á tún gé e. Ní 1961, Neville Thiele, ọmọ Australia, ti kọ ìwé kan tó fi hàn pé ènìyàn lè ṣírò bí wúfà àti àpótí ṣe máa dún kó tó gé pákó. Ìwé náà kò tàn ká títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí Richard Small náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kún un. Láti ìgbà náà, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe àwọn nọ́ńbà tó máa ń wà lára bébà tó bá wúfà wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìdè tó so àwọn ará àtijọ́ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì àti gọ́ọ̀mù tó ń gba ooru dáadáa dé. Ní àwọn ọdún 1980, òòfà neodymium dé, kékeré rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ òòfà ńlá. Áńpù Class D wá dé, wáàtì 500 nínú ohun tí kò wúwo tó àpò ìwé. Pépà ń rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìya. Lónìí, ẹyọ wúfà oní-ínǹṣì 12 kan lè ṣe ohun tí mẹ́rin kò lè ṣe ní 1954. Nínú pápá ńlá, tààràtà ni wọ́n ń gba béèsì sínú ẹ̀rọ gbọ̀ngàn. Áńpù ẹ̀yìn olórin ò kí i ṣe fún èrò mọ́, fún olórin fúnra rẹ̀ ni.

Síbẹ̀ fìríìjì ṣì wà lórí ìtàgé, ó ṣì wúwo ju kìlò 60 lọ, wọ́n ṣì ń rà á. Ohun tó bí i ti kú, ohùn rẹ̀ ti di àṣà. Etí ti mọ béèsì sí bí mẹ́jọ yẹn ṣe ń sọ ọ́, a kò sì lè bá etí jà.

Àwa tí a ń kọ software mọ ìtàn yìí lọ́nà mìíràn. Ṣé kọ̀ǹpútà ńlá kan ni ká rà, àbí kéékèèké ogún ká pín iṣẹ́ fún? Ìdáhùn Fender náà ni: ooru á pín, tí ọ̀kan bá kú, ìyókù á máa ṣiṣẹ́ lọ. Nínú fìríìjì tí wọ́n so wúfà mẹ́jọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kọ́ìlì kan bá já, méje á parí orin náà. Ibi tí àfiwé náà dúró sí ni pé kọ̀ǹpútà ogún kì í pàdé nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n pa ohùn ara wọn rẹ́. Wúfà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá tún bi yín pé ńlá kan ni àbí kéékèèké mẹ́jọ, ẹ bi í padà pé: kí ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ? Tó bá jẹ́ ooru ni, pín in. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni kò tó, ka ojú pépà, má ka iye wúfà, kí o sì béèrè bó ṣe ń rìn jìnnà tó. Tó bá jẹ́ pé yàrá kékeré lo wà, tí gbohùngbohùn wà nítòsí, ẹyọ kan tó dáa tó. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ nìkan lo máa gbé e gun àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn rẹ ti dáhùn kí o tó béèrè, gẹ́gẹ́ bó ṣe dáhùn fún Townshend.